Bí kọnkéré kò bá di rọ́ọ̀dù mú, òfò ni owó tí ẹ ná sórí méjèèjì

Ẹni tó bá rìn láti Ọmọlé gba Ọgbà lọ sí Agége, tó wá yà sí Agídíngbi kó tó padà sí Òjòdú, yóò rí i pé ilé gbígbé tó ń di ilé ìtajà kò lóǹkà mọ́. Ilé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n ń da dẹ́kíìnì lé lórí, tí ìsàlẹ̀ yóò di ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, tí òkè yóò di ọ́fíìsì àti ilé ìránṣọ. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńláńlá. Oníbúrẹ́dì ni, onítẹ̀wé ni, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ni. Owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kó jọ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ onírọ́ọ̀dù, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu wọn: "Èló ni lẹ́ńgítì kan?" Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ onísiméńtì, "èló ni báàgì kan?" náà ni. N kò bá wọn wí, owó kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu oníbàárà tàbí kọńtírátọ̀: ǹjẹ́ rọ́ọ̀dù yìí àti kọnkéré tí a fẹ́ dà lé e lórí yóò di ara wọn mú? Èrò tèmi ni pé inú ìbéèrè yẹn gan-an ni owó yín wà. Rọ́ọ̀dù tó dára lè wà níbẹ̀, siméńtì tó dára lè wà níbẹ̀, kí ilé má sì dúró, nítorí pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọnkéré le bí òkúta bí ẹ bá gbé ẹrù lé e lórí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tó fi ń kọ fífà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó fi ń gba ẹrù lọ. Rọ́ọ̀dù ló mọ fífà gbà. Bí ẹrù bá wà lórí dẹ́kíìnì, òkè dẹ́kíìnì ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín ń nà, rọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ ló sì yẹ kó gba nínà yẹn. Kí ló wá ń gbé e láti ara kọnkéré dé ara rọ́ọ̀dù? Ìdìmú tó wà láàárín wọn ni. Bí ìdìmú yẹn kò bá sí, bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ̀n ìgbálẹ̀ bọ inú mọ́ínmọ́ín ni: ẹ fà á díẹ̀, ó ti jáde.

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé ti mọ èyí. Ní 1884, Ernest Ransome ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ-lórí-ìmọ̀ fún irin onígun mẹ́rin tó lọ́ bí ẹni lọ́ òwú, kí kọnkéré lè rí ibi dì mú. Ní 1913, Duff Abrams ní Yunifásítì Illinois tẹ ìwé lórí àìmọye rọ́ọ̀dù tí ó fà yọ nínú kọnkéré láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ẹnjiníà títí dòní ni pé nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ìdìmú. Èkíní ni pé siméńtì lẹ̀ mọ́ ara irin, ṣùgbọ́n èyí kì í pẹ́ já. Èkejì ni ìfarakanra, bí ara irin ṣe ń ha kọnkéré. Ẹ̀kẹta, tó ju méjèèjì lọ, ni àwọn ìlà tó yọ síta lára rọ́ọ̀dù. Àwọn ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ni eyín tí rọ́ọ̀dù fi ń bu kọnkéré jẹ. Rọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ ń dán kò ní ju méjì àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Goto, ṣe ohun kan ní 1971 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó fa rọ́ọ̀dù tó wà nínú kọnkéré, ó da yíǹkì sínú rẹ̀, ó wá la kọnkéré náà. Yíǹkì fi hàn pé láti ẹnu ìlà kọ̀ọ̀kan lára rọ́ọ̀dù ni ẹ̀là kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n dà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eegun ẹja. Ìyẹn ni pé bí rọ́ọ̀dù ṣe ń di kọnkéré mú náà ló ń tì í síta. Bí kọnkéré tó bò ó bá fẹ́lẹ́, tí kò sì sí ríìnì tó dè é, kọnkéré yóò là ní gbọọrọ, rọ́ọ̀dù yóò sì bọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwòṣe ti wọlé. Ẹnjiníà tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kò lè máa fa rọ́ọ̀dù yọ fún gbogbo ilé tó bá fẹ́ yà, ìṣirò ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Àwòṣe tí wọ́n mọ̀ jù wá láti inú iṣẹ́ tí Eligehausen, Popov àti Bertero ṣe ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1983, tí àwọn ará Yúróòpù sì mú wọ inú ìwé ìlànà wọn ti 1990. Ohun tó sọ kò ṣòro. Bí rọ́ọ̀dù ṣe ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kọnkéré ni ìdìmú ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé góńgó, lẹ́yìn èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí kò bá sí ríìnì tó dè é, góńgó yẹn wà níbi ìyọ̀ 0.6 mìlímítà péré. Tó bá fi máa di mìlímítà 1, ìdìmú tó ṣẹ́kù kò ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n bí ríìnì bá dè é dáadáa, góńgó náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dúró síbẹ̀ títí ìyọ̀ yóò fi tó mìlímítà 3, lẹ́yìn náà ni yóò máa rọra wálẹ̀, ìdá 40 nínú 100 yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ rántí èyí nígbà tí bẹ́ńdà yín bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi ríìnì jìnnà síra, kí wáyà má bàa tán. Ilé tí ríìnì rẹ̀ pé yóò kọ́kọ́ sán, yóò tẹ̀, ẹ ó rí i, ẹ ó sì jáde. Èyí tí ríìnì rẹ̀ kò pé lè má sọ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú àwòṣe yẹn tó kan àpò yín tààrà. Agbára ìdìmú ń tẹ̀lé agbára kọnkéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé òfin ìkọ́lé BS 8110 ṣírò, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tì ní 2010 ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa ṣì ń lò. Ká mú rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 tó ní ìlà, tó pójú ìwọ̀n 420 tí àjọ SON gbé kalẹ̀ nínú ìlànà NIS 117 ti 2004. Bí kọnkéré bá jẹ́ gíréèdì 25, gígùn tí rọ́ọ̀dù yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú kọnkéré, tàbí tí ó gbọ́dọ̀ fi gun ara wọn níbi tí wọ́n ti so méjì pọ̀, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 44. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ nìyẹn, ó sì wù mí pé ohun tí ọ̀pọ̀ bẹ́ńdà wa ń wọ̀n náà nìyẹn láìṣe ìṣirò kankan. Àwọn ibì kan wà tó gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ká wá sọ pé wọ́n da omi sí kọnkéré náà títí tó fi ń ṣàn bí ọ̀gì, kó lè rọ́nà wọ inú pákó, tí agbára rẹ̀ wá já sí 9. Ìwé yẹn kò tilẹ̀ gbà kí irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ gbé rọ́ọ̀dù rárá, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìṣirò kan náà wò ó, gígùn tó yẹ ti di sẹ̀ǹtímítà 73, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ tó kù díẹ̀. Bẹ́ńdà kò mọ̀ pé omi ti pa kọnkéré. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ náà ni yóò wọ̀n. Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Rọ́ọ̀dù pé, siméńtì pé, iye lẹ́ńgítì pé, àsopọ̀ ni kò tó. (Ẹ má bínú bí ìṣirò bá pọ̀ díẹ̀, owó yín ni mò ń ṣírò.)

Ní báyìí, rọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé mìlímítà 12 tó wà lórí bílì àti mìlímítà 12 tó wà nílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Àṣírí kan wà tí kò nílò ẹnjiníà: ìwọ̀n. Rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 tó pé, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kílò 10.66. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù kan yóò jẹ́ lẹ́ńgítì 94, ó lè dín díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fún yín ní 120 nínú tọ́ọ̀nù kan, tí inú yín ń dùn pé ẹ jèrè 26, ẹ ti ra mìlímítà 10.6. Agbára rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti dín ní ìdá 22 nínú 100. Àwòrán ilé sì ń ka iye rọ́ọ̀dù ni, kò ka tọ́ọ̀nù: bó bá ní kí ẹ fi mẹ́fà sí bíìmù, mẹ́fà náà lẹ ó fi sí i. Ẹni tó ń ra lẹ́ńgítì kọ̀ọ̀kan ló burú jù fún, òun sanwó 12, ó gbé 10.6 lọ sílé. Ẹ tún wọn gígùn rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ ní méjì ló pé mítà 12.

Àwọn kan á ní irin àlòkù ló fa gbogbo èyí, pé rọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ́ láti ara mọ́tò jíjẹrà àti páànù kò lè dára. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù ṣe rọ́ọ̀dù tó pójú òṣùwọ̀n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ irin Aládjà sílẹ̀ ní 1982, èrò wọn ni pé irin láti ibẹ̀ ni wọ́n yóò máa kó wá sí Òṣogbo, Jos àti Katsina láti fi ṣe rọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí. Irin àlòkù tí àwọn ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ń rà kiri àdúgbò wa ló wá di oúnjẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni àìyẹ̀wò. Ohun èlò tó ń tẹ ìlà sára rọ́ọ̀dù máa ń jẹ bí wọ́n bá lò ó pẹ́. Bí wọn kò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀, ìlà yóò máa pẹ́lẹ́ sí i, eyín rọ́ọ̀dù á kú. Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá lórí ìlà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ẹ bi ọlọ́jà léèrè. Ẹ tún wò ó bóyá àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta rọ́ọ̀dù, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín tó máa dùn mọ́ yín. Oníbàárà tó ń kọ rọ́ọ̀dù nítorí pé ó pọ́n díẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ṣí kúrò lára irin kì í dín ìdìmú kù, ó tilẹ̀ lè fi kún un díẹ̀, nítorí ara irin á túbọ̀ ha. Èyí tó ń ṣí bí èépá ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ìdìmú ní ti gidi, kò sẹ́ni tó ń kígbe lé e lórí: ọ́ìlì dúdú tí káfíńtà ń kùn sí pákó kó má bàa lẹ̀ mọ́ kọnkéré, tó sì máa ń ta sára rọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tò kalẹ̀. Ọ́ìlì kì í jẹ́ kí siméńtì rí irin fọwọ́ kàn. Kí wọ́n kùn ún kí wọ́n tó to rọ́ọ̀dù. Ẹrẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ a fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rìn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Omi àpọ̀jù tún ń ṣe ibi kan tí ojú kò rí: bí kọnkéré bá ń jókòó, omi a máa gòkè, a sì dúró sábẹ́ rọ́ọ̀dù òkè bíìmù. Tí omi yẹn bá gbẹ, àlàfo ló kù. Ìdí nìyẹn tí rọ́ọ̀dù òkè bíìmù kì í fi sábà di kọnkéré mú tó ti ìsàlẹ̀.

A ti rí ilé tó wó l'Ékòó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations wó n'Íkòtún, èèyàn 116 ló kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó n'Ítà-Fájì, àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó bá a lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó lójú ọ̀nà Gerrard n'Íkòyí, àwọn tó kú lé ní 40. N kò sọ pé ìdìmú ló wó èyíkéyìí nínú wọn. Ilé kì í sábà ti ibì kan ṣoṣo wó. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré ni mò ń bá sọ̀rọ̀, òfò tirẹ̀ kì í sì í dé inú ìwé ìròyìn. Ẹ̀là kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ lábẹ́ bíìmù, tí yóò tẹ̀lé ipa rọ́ọ̀dù gbọọrọ. Yóò pe bíríkìlà kó rẹ́ ẹ, kó sì kùn ún. Lẹ́yìn ọdún méjì, kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí ọjà oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ayálégbé á kó jáde, ilé tí wọ́n fi owó ọdún mẹ́wàá kọ́ á wá ṣófo. Irú ẹ̀là tó tẹ̀lé ipa rọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ẹ pe ẹnjiníà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn: ìlú le, siméńtì ti wọ́n, ẹ má tún di ẹrù lé wa. Ẹ jẹ́ ká wo iye rẹ̀. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún àsopọ̀ rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 kan, ìdá mẹ́rin kílò kan ló lé díẹ̀. Dídín omi kù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bísíkíìtì tí wọ́n fi ń gbé rọ́ọ̀dù kúrò lórí pákó, inú àpòpọ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, síbẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kì sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n má kì nǹkan kan. Fífọ rọ́ọ̀dù, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ohun tó máa náwó díẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré, ẹ sì lè yá a fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ da dẹ́kíìnì, àti kíúùbù kọnkéré tí ẹ ó gbé lọ sí yàrá ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tó wọ́n nínú ilé kíkọ́ ni siméńtì àti rọ́ọ̀dù, ẹ sì ti rà wọ́n. Kí ni ẹ wá ń ṣọ́ owó búrọ́ọ̀ṣì sí? Ní ti siméńtì, àjọ SON ti sọ ọ́ láti 2014 pé rírẹ́ ilé ni gíréèdì 32.5 wà fún. Ẹ wo ara báàgì kí ẹ tó dà á sí dẹ́kíìnì.

Ìjọba àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwòṣe tí mo ń sọ láti òkè, rọ́ọ̀dù àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ìlà tó ga bó ṣe yẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà wa náà ń fa rọ́ọ̀dù tí wọ́n rà lọ́jà yọ nínú kọnkéré, wọ́n ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ń gboyè, ìwé náà á sì wà lórí pẹpẹ. Ó yẹ kí Yunifásítì Èkó àti YABATECH kó èsì wọ̀nyẹn jọ, kí wọ́n sọ fún wa bí rọ́ọ̀dù tí à ń rà níhìn-ín ṣe ń di kọnkéré wa mú, kí àjọ LASBCA sì fi lé àwọn bẹ́ńdà lọ́wọ́ ní èdè Yorùbá, kó má ju ojú ewé kan lọ. Gígùn àsopọ̀ tó yẹ fún kọnkéré tó dára, àti èyí tó yẹ fún rọ́ọ̀dù tí ìlà rẹ̀ kò ga. Ìyẹn ni bẹ́ńdà ń fẹ́, kì í ṣe ìwé ńlá.

Kí ìyẹn tó dé, ìbéèrè mi sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta rọ́ọ̀dù láti Ọgbà dé Oko-Ọba rọrùn: kí ló dé tí síkéèlì kò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹlẹ́ran ní síkéèlì. Alágbàfọ̀ tó ń gba aṣọ ní kílò ní síkéèlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ síta, tó ní kí oníbàárà wọn ọjà kó tó sanwó, lè fi díẹ̀ lé owó rẹ̀, mo sì gbà pé wọn ó ra á. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ kọ iye lẹ́ńgítì tó yẹ kó wà nínú tọ́ọ̀nù kan sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde nílé, bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 12: mìlímítà 8, nǹkan bíi 211; mìlímítà 10, 135; mìlímítà 12, 94; mìlímítà 16, 53; mìlímítà 20, 34. Bí wọ́n bá kà á fún yín tó fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n gbé síkéèlì wá.